Ìròyìn Tí Wọn Kò Sọ fún Un

Ọmọbìnrin kan wà tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí kò jìnnà sílé wọn. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ìyá rẹ̀ ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó wà níwájú ilé. Ọmọbìnrin náà ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, Oyèníran, tó ń lẹ táìsì sí ilẹ̀ ilé àwọn tó ń kọ́lé, òun ló sì ń san owó ilé ìwé rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pe ọmọbìnrin náà ní Akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pè é sókè kí àwọn tó ń kọjá lè gbọ́, torí òun fúnra rẹ̀ kò parí ilé ìwé girama.

Olùkọ́ kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó ń kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń gbọ́ ìròyìn. Kò fẹ́ kí wọ́n kàn há ìròyìn sórí. Ó ní kí kálukú máa mú ìròyìn kan wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ì báà jẹ́ èyí tó gbọ́ lórí rédíò, ì báà jẹ́ èyí tó kà lórí fóònù, kó dúró níwájú kíláàsì, kó sì sọ ohun tí ìròyìn náà ṣe sí i lọ́kàn. "Èyí tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan, fi í sílẹ̀ níbi tí o ti rí i." Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ náà máa ń wí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mọ iṣẹ́ yìí ṣe. Bó bá ti dìde, àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn kíláàsì á gbórí sókè. Ó ti sọ̀rọ̀ nípa epo tó wọ́n. Ó ti sọ̀rọ̀ nípa àwọn aṣòfin tó ń ju àga lu ara wọn. Ó ti sọ̀rọ̀ nípa agbábọ́ọ̀lù tó gbá pẹnáritì sójú sánmà, tí kò sì sẹ́ni tó rántí pé ọmọ náà ń sunkún nígbà tí kíláàsì ń rẹ́rìn-ín. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi gbólóhùn kúkúrú kan parí ọ̀rọ̀, tí yóò sì máa ta èèyàn lára. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ yẹn ń wọ̀ ọ́ lára.

Nírọ̀lẹ́, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó ti fọ sìmẹ́ńtì kúrò lọ́wọ́ àti lórúnkún, á jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, á sì ní kí ó wá ka ìròyìn ọjọ́ náà fún òun. Ohun tí àbúrò rẹ̀ bá kà fún un nìkan ni ìròyìn tó ń gbọ́. Á máa bi í léèrè nípa ìlú tí kò dé rí, pé ṣé òjò ń rọ̀ níbẹ̀, pé irú ilé wo ni wọ́n ń kọ́. Nígbà mìíràn á sùn lọ lórí ìjókòó, ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa lọ bí ẹni pé ó ń gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ìròyìn dé pé ọkọ̀ kan dojú dé lórí òkun tó wà láàárín ilẹ̀ Áfíríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá ọ̀nà àtijẹ lọ ló kún inú rẹ̀. Àwòrán àwọn tó yè wà níbẹ̀, wọ́n fi aṣọ ìbora wé wọn, wọ́n jókòó sétí omi, wọn kò wo ẹnikẹ́ni. Akẹ́kọ̀ọ́ mú ìròyìn yìí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la kó sọ ọ́ ní kíláàsì, ó dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kó fetí sí òun kí òun fi dánra wò.

Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó sọ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ láìro, àti iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ láti ṣe. Nígbà tó dé òpin, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní omi ló gbé wọn lọ. N kò gbà. Ojúkòkòrò ló gbé wọn lọ, omi kàn bá wa sin wọ́n ni."

 Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ìṣó kékeré kan yọ sìmẹ́ńtì tó há sábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ṣé o mọ ẹnì kan nínú wọn?" ló bi í nígbà tó yá.

"Rárá o. Kí ni mo fẹ́ mọ̀ wọ́n sí?"

"Kò burú."

"Ẹ ò wá sọ bó ṣe rí."

"Ó dùn ún gbọ́," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ọ." Ó dìde, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó sì wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ dúró níbẹ̀, ó tún sọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i fún ara rẹ̀, ó dẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ sí i.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ lóòótọ́. Àwọn kan tiẹ̀ fẹsẹ̀ kilẹ̀. Olùkọ́ nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ohun tí mo ní kí o sọ ni ohun tí ìròyìn náà ṣe sí ọ lọ́kàn. O ò tíì sọ ọ́." Akẹ́kọ̀ọ́ padà sí àyè rẹ̀, ó rò ó lọ́kàn pé àwọn olùkọ́ kan wà tí kì í fẹ́ kí ọmọ mọ ọ̀rọ̀ sọ jù wọ́n lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rìnrìn àjò. Akẹ́kọ̀ọ́ ti ilé ìwé dé, kò bá a nílé. Ìyá wọn sọ fún un pé ó ríṣẹ́ sí Kánò, pé wọ́n ń kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan níbẹ̀, iṣẹ́ náà á sì pẹ́ díẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wọ yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Báàgì rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti nù wọ́n gbẹ, ó sì tò wọ́n sórí ìwé bébà bí ìgbà tí èèyàn to nǹkan tí kò ní lò fún ìgbà pípẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ pe fóònù rẹ̀. Kò lọ. Ó tún pè é lọ́jọ́ kejì àti láwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò lọ.

Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ fún un lójú ọ̀nà, ó rò pé wọ́n ti mọ̀ nílé. "Oyè ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn tó mọ ọ̀nà sọ̀rọ̀." Akẹ́kọ̀ọ́ kí i pé ó ṣeun. Ó ń lọ, kò mọ ibi tó ń lọ, ó kàn ń gbẹ́sẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti di ẹni tó ń wá ìròyìn kiri. Kò sí ọkọ̀ tó dojú dé lórí òkun yẹn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn ìlú tó wà létí aṣálẹ̀. Bí àwòrán bá jáde, á máa fà á tóbi lórí fóònù títí ojú èèyàn yóò fi di àwọ̀ lásán. Ìgbà tó rí i pé ojú kò ṣeé mọ̀ mọ́ nínú àwòrán bẹ́ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí wo orúnkún. Àwọn tó ń lẹ táìsì máa ń ní orúnkún tó le, tó dúdú, torí orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ó wo orúnkún àwọn tó jókòó, ó wo ti àwọn tí wọ́n gbé, ó wo ti àwọn tí wọ́n fi aṣọ bo ojú wọn. Bó bá wò wọ́n tán, tí kò sí i níbẹ̀, ara á tù ú. Lẹ́yìn náà ojú á tì í pé ara tu òun, nítorí òkú ni púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn.

Àárò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ níbi tí kò rò pé ó lè wà. Bó bá gba ilé tuntun kan kọjá tó gbọ́ tí wọ́n ń gé táìsì, á dúró. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀, á jókòó sórí àtẹ̀gùn, á tan fóònù, á bẹ̀rẹ̀ sí ka ìròyìn sókè, á sì dákẹ́ láàárín gbólóhùn.

Ní kíláàsì, ìròyìn òkun nìkan ló ń mú wá. Kò ní gbólóhùn tó ń tani mọ́. Á sọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, á sọ orúkọ àwọn tí wọ́n mọ orúkọ wọn, á sì jókòó. Ó sú àwọn yòókù. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin kan tí kì í ṣe èèyàn burúkú, ní, "Ṣebí ìwọ lo sọ fún wa pé ojúkòkòrò ló ń gbé wọn lọ?" Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ̀ ni. 

Ohun tó dùn ún jù ni ìṣe ìyá rẹ̀. Tẹlifíṣàn kékeré kan wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ìròyìn nípa àwọn tó rì bá dé, Akẹ́kọ̀ọ́ á sáré sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ kì í kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Màmá, ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Mo rí i." Ìyá rẹ̀ á fi eyín gé òwú, á sì fa aṣọ náà sún síwájú.

Akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ọkàn ìyá òun ti kú ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ìyá náà máa ń kọrin, ó sì máa ń se oúnjẹ tó dára. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè jẹ ẹ́. Ó wọ ẹgbẹ́ akọrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó lè máa rí ibi sá sí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ẹni tó ń kọ́ wọn lórin kò wá, wọ́n sì tètè túká. Akẹ́kọ̀ọ́ délé, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Fóònù wà létí rẹ̀. Ó ní, "Máa jẹun dáadáa. Orúnkún yẹn ńkọ́, ṣé kò dùn ọ́ mọ́?"

Akẹ́kọ̀ọ́ di ara odi mú. Kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn, títí ìyá rẹ̀ fi kí onítọ̀hún pé ó dàbọ̀, tó yíjú, tó sì rí i.

Ìyá náà kò purọ́. Ó fi fóònù sínú àpò, ó ní, "Ó wà láàyè. Ìlú kan ní etí òkun lọ́hùn-ún ló wà, kò tíì sọdá. Wọ́n tì í mọ́lé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ti tú u sílẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀."

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ wá ń wò mí," ni Akẹ́kọ̀ọ́ wí. "Ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń wá ẹ̀gbọ́n mi kiri láàárín òkú."

"Mo ń wò ọ́. Ó ń dùn mí dé egungun. Àìmọye ìgbà ni mo ti la ẹnu kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀ mí, mo sì ṣèlérí fún un."

"Ṣé wọ́n ń bínú sí mi ni?"

"Kò bínú. Gbogbo ìgbà tó bá pè ló ń béèrè rẹ. Ó kàn ní kí n má sọ fún ọ." Ìyá náà tún aṣọ kan sá kó tó sọ èyí tó kù. "Ó ní wàá fi òun ṣe iṣẹ́ kíláàsì."

Akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín àwọn aṣọ tí omi ṣì ń kán lára wọn. Ìyá rẹ̀ wá jókòó tì í. Ohùn rẹ̀ kò le nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Ìrọ̀lẹ́ tí o dúró síwájú rẹ̀ tí o ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó rì yẹn, ó fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ ìrìn àjò rẹ̀ ni. Ìwọ ló fẹ́ kọ́kọ́ sọ fún, kó tó dé ọ̀dọ̀ èmi. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ní ẹni tí yóò ní kí òun má lọ ni òun ń wá."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó kan Akẹ́kọ̀ọ́ ní kíláàsì, ó dìde, kò sì mú nǹkan kan lọ́wọ́. Olùkọ́ bi í pé ìròyìn rẹ̀ dà. Ó ní, "Mo ní ìròyìn kan, sà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi láti sọ." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní, "Ó dáa. Jókòó." Kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́ nípa rẹ̀ títí ìdánwò fi dé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní kí ìyá òun bá òun bẹ ẹ̀gbọ́n òun kó jẹ́ kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Ìyá náà bẹ̀ ẹ́. Èsì tó wá ni pé kí ó ṣe sùúrù ná. Akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀. Bí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, á jókòó sínú yàrá, á máa ṣẹ́ etí aṣọ tí ìyá rẹ̀ rán, ìyá rẹ̀ á sì wà ní ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú fóònù, kò ní ti ilẹ̀kùn pa. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bíńtín. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ni. Bí ìyá bá wọlé, Akẹ́kọ̀ọ́ kì í bi í léèrè ohun tó sọ. Èyí nira fún un ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Ó máa ń tẹ̀ ẹ́ lára bí ebi. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, ó ń gbọ́ ohùn náà láti òkèèrè bẹ́ẹ̀, ó sì ń dúró.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyá rẹ̀ wọlé, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí i. "Ó ní kí n fún ọ."

Akẹ́kọ̀ọ́ gbé e sétí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pe orúkọ rẹ̀, orúkọ tí bàbá wọn sọ ọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í fi pè é mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń gbọ́ yín." Kò fi nǹkan kan kún un.

 Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọkùnrin kan láti Ìlá tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù nínú aṣálẹ̀. Ọkùnrin náà máa ń fún un lómi mu nínú tirẹ̀. Ó kú lójú ọ̀nà, wọ́n fi aṣọ rẹ̀ bò ó, wọ́n sì ń bá ìrìn lọ torí awakọ̀ kò dúró. Ó ní òun mọ orúkọ ìyá ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí òun ṣe máa rí i. Ó sunkún. Akẹ́kọ̀ọ́ kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára wà níbẹ̀, ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Nígbà tó ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, "Wọ́n ní ọkọ̀ kan máa lọ bí atẹ́gùn bá rọlẹ̀. Wọ́n ti bá mi wá àyè sínú rẹ̀."

"Ẹ má wọ̀ ọ́," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ jọ̀wọ́. Mo fẹ́ tún fojú kàn yín."

 Ìlà fóònù ń hó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá ní, "Mo gbọ́," fóònù sì já.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Akẹ́kọ̀ọ́ kò sún mọ́ tẹlifíṣàn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, fóònù dún. Láti ìlú kan náà ló ti pè. Kò sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, wọn kò sì bi í. Títí di bí mo ṣe ń sọ yìí, kò tíì wálé. Ó ní òun ń wá bí òun ṣe máa padà, pé ọ̀nà àtibọ̀ nira ju ọ̀nà àtilọ lọ. Wọ́n ń retí rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti di olùkọ́ báyìí. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á fi àga sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ọ̀nà títí àwọn aládùúgbò yóò fi máa ti ilẹ̀kùn wọn.

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mo torí rẹ̀ sọ ìtàn yìí. Mo gbọ́ yẹ̀yẹ́ tí o ṣe nílé rẹ láàárọ̀ nígbà tí rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ọlọ́pàá kó. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n o kò wo ojú àwọn ọmọ rẹ tó ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún wa. O rò pé àwọn tó jìnnà lò ń bá wí. Àwọn tó wà nínú ilé rẹ ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ti ń fi í mọ irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè gbé wá bá ọ àti irú èyí tí wọ́n máa gbé pamọ́. Mi ò ní kí o má dáhùn sí ìròyìn. Ọkàn tí kò bá dáhùn ti kú. Ṣùgbọ́n bí o bá délé lónìí, tí rédíò náà bá tún ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí o kò mọ̀, dá ẹnu dúró díẹ̀, kí o kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó tì ọ́. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ti ń wá ọ̀nà àtibá ọ sọ nǹkan láti àná.